Ìwé Ọba, Àpótí Ìdílé: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Èkó àti Àwòrán Rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam gbéra láti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó kọrí sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín lẹ́tà àti ẹrù tó kó, ìdì ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Möwe ká Appam mọ́ ojú òkun, ó sì mú un. Àwọn tó ni ìdì ìwé náà gbà pé ó ti rì sí ìsàlẹ̀ òkun. Àṣé àwọn Jámánì ti wa ọkọ̀ náà lọ sí Newport News ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdì náà, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìdì yẹn ni ìwé The History of the Yorubas, iṣẹ́ Samuel Johnson.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìwé náà bọ́ sí bèbè ìparun. Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ti parí rẹ̀ ní 1897, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń jókòó ti àwọn arókin ààfin àtàwọn àgbà tó mọ ìtàn ogun. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ọwọ́ òǹtẹ̀wé yẹn ló sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láì rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, ló ṣa àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún gbogbo ìtàn náà kọ láti orí dé ìdí. Nígbà tí ìwé náà máa fi jáde ní 1921, Obadiah náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ọmọ ìyá méjì ló fi ọjọ́ ayé wọn tọ́ ìwé kan, kò sì sí èyí tó dì í mú lọ́wọ́ nínú wọn.

Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé síwájú àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti inú ìtàn yẹn jáde. Ta ló ń sanwó kí ìtàn ìlú tó di ìwé? Nígbà tó bá sì ti di ìwé tán, ta ló ń ṣọ́ ọ tí ewé rẹ̀ kò fi ní fọ́n káàkiri? Kí ìdáhùn lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti náwó nára sórí ìwé ìtàn ju ibi gbogbo lọ. Johnson pàápàá kọjú sí ìlà-oòrùn nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀: Lámúrúdu, ọba Mẹ́kà, ló fi ṣí ìtàn Yorùbá. Àwa náà yóò kọjú síbẹ̀, a ó sì kọjá Mẹ́kà dé ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Ìráànì lónìí.

Akéwì kan wà ní ìlú Tus tó ń jẹ́ Firdausi. Ó fi bí ọgbọ̀n ọdún kọ ewì ìtàn kan, ó sì parí rẹ̀ ní 1010. Shahnama ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìwé Àwọn Ọba. Ewì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì pín sí apá méjì tí ìparí wọn bára mu. Ó sọ ìtàn gbogbo ọba Páṣíà, láti orí ọba àkọ́kọ́ láyé títí dé ìgbà tí àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Inú rẹ̀ ni Rostam wà, jagunjagun tí kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó pa Sohrab ọmọ bíbí inú rẹ̀ lójú ogun láì mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ìwé náà bá ọ̀pọ̀ ọba lórí oyè, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀: ìjọba ń bọ́, ìdílé ọba ń pààrọ̀, ewì náà kò yẹsẹ̀.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1300, ó ti di ohun ìdíje láàárín àwọn ọba àti ọmọ ọba ilẹ̀ náà pé kí oníkálukú ní Shahnama tirẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n sì fi àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí ìwé ìtàn gidi. Rashid al-Din, tó jẹ́ olórí ìjòyè fún àwọn ọba Mongol tó ń ṣàkóso Páṣíà, kọ ìtàn ayé ńlá kan ní Tabriz, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dà á kọ, tí wọ́n sì ń ya àwòrán sí i. Apá kan ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1314 wà ní yunifásítì Edinburgh títí dòní.

Iṣẹ́ àjọṣe gbáà ni ṣíṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń fi òkúta dídán ra bébà títí tí yóò fi máa kọ mànà. Ọ̀gá akọ̀wé á wá fi gègé esùsú kọ ewì náà sílẹ̀, á sì fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán. Ẹlòmíràn ń lọ òkúta aláwọ̀ búlúù àti òkúta aláwọ̀ ewé di lẹ́búlẹ́bú, ẹlòmíràn ń lu wúrà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé. Ayàwòrán á wá mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun orí rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, á tẹ orí ba ojú ewé náà fún ọ̀sẹ̀ dé oṣù. Ewé kan péré ni wọ́n fi gbogbo wàhálà yìí ṣe o. Ẹ̀dà tó lókìkí jù, èyí tí wọ́n ṣe fún Shah Tahmasp, ọba Páṣíà, ní Tabriz láti nǹkan bí 1522 lọ, ní ewé 759 àti àwòrán 258.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ Sultan Muhammad. Gayumars, ọba àkọ́kọ́ láyé, ló jókòó sókè lórí àpáta. Awọ ẹkùn ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi bora, nítorí aṣọ kò tíì dé ayé. Siyamak ọmọ rẹ̀ wà lápá kan, Hushang ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lápá kejì. Ẹranko ìgbẹ́ tẹ́ ara sílẹ̀ níwájú wọn láì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹni tó bá wo àwòrán yìí lẹ́ẹ̀kan yóò rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tẹjú mọ́ àwọn àpáta náà, ojú èèyàn àti ojú ẹranko á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú òkúta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, débi pé òkè náà fúnra rẹ̀ wà láàyè. Ẹni ayé ìgbà yẹn kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtìjú bá àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí iṣẹ́ náà.

Kí ló wá gbẹ̀yìn ìwé náà? Shah Tahmasp fi ta sultan Tọ́kì lọ́rẹ ní 1568, ó sì wà ní ààfin Istanbul fún ọ̀rúndún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ olówó ilẹ̀ Faransé kan láti ìdílé Rothschild. Ní 1959, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Arthur Houghton, rà á. Houghton tú ìwé náà. Ó fi àwòrán 78 ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York lọ́rẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1994, ìjọba Ìráànì gba ìyókù padà, àwòrán 118 pẹ̀lú ewé ọ̀rọ̀ àti èèpo ẹ̀yìn ìwé náà. Wọ́n fi àwòrán ìhòòhò obìnrin kan tí Willem de Kooning yà dípò rẹ̀. Ní 2011, ewé kan ṣoṣo lára èyí tó ti tú ká ni wọ́n tà ní London ní mílíọ̀nù méje lé ní pọ́n-ùn. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, ìwà ìparun ni ohun tí Houghton ṣe, bó ti wù kí ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìwé tó. Ewé kọ̀ọ̀kan ṣì rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè ṣí ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́ láyé.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Ní Ìgá Ìdúńgànràn, ààfin ọba Èkó, ọba kò dá ilé iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́jú ìtàn, kò sì sí ẹnu kan ṣoṣo tó dá gbogbo rẹ̀ ní. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí wọ́n ni ilẹ̀, mọ ohun tí baba wọn sọ fún wọn. Ìdílé Àrómirẹ́ mọ̀ pé oko ata baba àwọn ni ààfin wà. Àwọn olóyè Akárìgbéré mọ bí ọ̀nà Èkó àti Bìní ṣe rí. Àwọn olóyè Ògáláde àti Àbàgbọ́n ní tiwọn. Àwọn tó ń ki ọba mọ èyí tó yẹ kí ọba gbọ́, wọ́n sì mọ èyí tí kò yẹ. Èyí ni agbára ìtàn Èkó, òun náà sì ni ìṣòro rẹ̀. Kò sí aláṣẹ kan tó lè pa gbogbo ìtàn náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan náà tí èèyàn lè wọ̀ kó ní òun fẹ́ ka ìtàn Èkó tán.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi í sínú ìwé kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba. Akọ̀wé ilé ẹjọ́, tíṣà, dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n, iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n sì fi ń bọ́ ara wọn. John Augustus Otonba Payne, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé ẹjọ́ Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ọdọọdún kan ní 1874. Kàlẹ́ńdà, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọjọ́ tí nǹkan pàtàkì ṣẹlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ní 1893 ó tẹ ìwé mìíràn tó to ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn. Ojú akọ̀wé kóòtù ló fi wo ìtàn: ta ló kú, ọjọ́ wo, ta ló jẹ́rìí sí i? John Losi, olùkọ́ ilé ìwé Kátólíìkì, tẹ History of Lagos ní 1914, ó sì kọ ìtàn Èkó ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Ìwé kékeré ni, àmọ́ títí di òní olónìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọba Èkó kò lè ṣe kó má gba ẹnu ọ̀nà Losi kọjá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló tún wá mú kí ìwé ìtàn di ohun ìjà. Ní 1913, ìjọba àmúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London, wọ́n sì dá Olúwa láre ní 1921. Kí ni wọ́n bi ara wọn ní kóòtù? Ìtàn ni. Ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ló ń pín ilẹ̀ kí Òyìnbó tó dé? Ohun tí Ọba Dòsùmú fi sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó tọwọ́ bọ ìwé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ wà nínú rẹ̀? Herbert Macaulay, onímọ̀ ẹ̀rọ àti awọnlẹ̀, bá Olúwa lọ sí London ní 1920, ọ̀pá àṣẹ Elékòó, Ọba Èṣùgbàyí, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tí ẹjọ́ náà parí gan-an ló tẹ ìwé pélébé kan, Justitia Fiat, tó fi to gbèsè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìdílé Dòsùmú lẹ́sẹẹsẹ. Ọba Èṣùgbàyí kọ̀ láti sẹ́ Macaulay. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sí Èkó títí di 1931. Shah Tahmasp ń fi ìwé ìtàn dára yá. Ní Èkó, ìwé ìtàn lè sọ ọba di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn tí Losi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ kéré sí ti Firdausi. Ìtàn Kòsọ́kọ́ nìkan tó ìwé odidi. Ọmọ Ọba Ọ̀ṣínlókun ni. Ó bá Ẹlẹ́tù Odìbò jà nítorí obìnrin, ọwọ́ Ẹlẹ́tù Odìbò sì ni ọ̀rọ̀ fífi ọba jẹ wà. Nígbà tí Ìdéwù Òjúlarí ẹ̀gbọ́n Kòsọ́kọ́ wàjà, Adélé ni wọ́n gbà padà sórí oyè; nígbà tí òun náà sì wàjà, Olúwọlé ni wọ́n fi joyè. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ gbé ìjà dìde, kò ṣẹ́gun, ó sá lọ sí Àjùdá ní etíkun Dàhòmì. Ní 1841, àrá sán lu ààfin, iná ran ẹ̀tù ìbọn, Olúwọlé sì bá a lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi dá òkú rẹ̀ mọ̀.

Akíntóyè, àbúrò baba Kòsọ́kọ́, ló wá joyè. Ó ní kí Kòsọ́kọ́ máa bọ̀ wálé, kí ìjà tán. Ẹlẹ́tù Odìbò kìlọ̀, Akíntóyè kò gbọ́, ni Ẹlẹ́tù Odìbò bá fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Ní 1845 ni ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀. Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sé ààfin mọ́, Akíntóyè gba ojú ọ̀sà sá. Òṣòdì Tápà, ọ̀gá ológun Kòsọ́kọ́, wà lójú omi Agbóyì nígbà tí ọba tó ń sá náà ń kọjá, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Ẹ ro ohun tí ayàwòrán Tabriz ìbá fi ojú ewé yẹn ṣe. Omi, igbó esùsú, ọkọ̀ ọba, àti ọ̀gágun tó lè mú un àmọ́ tó yẹ̀ fún un. Nínú ìwé Losi, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Kò sí àwòrán níbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da àgbá bo Èkó, ogun tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà bọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n padà ní 1862, ibi tí Òṣòdì àtàwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tó ṣì wà lórí erékùṣù náà di òní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya àwòrán ogun yẹn fún ìwé ìròyìn wọn ní London. Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, ọkọ̀ wọn ló tóbi, ìlú wa ló kéré lókèèrè.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò ya ìtàn sí àwòrán. Ara igi, ara idẹ àti ara aṣọ la máa ń yà á sí. Bìní, níbi tí ìdílé ọba Èkó ti ṣẹ̀, fi idẹ ya ọba, ológun àti oníṣòwò Potogí sára pátákó, wọ́n sì kàn án mọ́ òpó ààfin, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kó o lọ ní 1897. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà, ọba ìlú náà. Lápá kan, ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, olorì dúró lẹ́yìn. Lápá kejì, àwọn arẹrù gbé òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan wọlé, ojú rẹ̀ gígùn, ara rẹ̀ ká kò. Ẹni tó bá wo ilẹ̀kùn náà mọ ẹni tó ní ìlú. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní British Museum báyìí.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, eégún Ẹ̀yọ̀ náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Adímú dé akẹtẹ̀ dúdú, Làbà dé pupa, Oníko dé yẹ́lò, Ológẹ̀dẹ̀ dé aláwọ̀ ewé, Agẹrẹ dé aláwọ̀ àlùkò. Ìgá kọ̀ọ̀kan ní akẹtẹ̀ àti àmì tirẹ̀. Ọmọ Èkó tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí agbada funfun láti ìdajì òpópónà, á sì ti mọ ilé tó ń bọ̀ àti ẹni tí ilé náà bá ṣe nígbà ìjà Kòsọ́kọ́ àti Akíntóyè. Ojú títì ni wọ́n ti ń kà á, ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣẹ̀yẹ àgbà tó lọ.

Ọkùnrin kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ orúkọ rẹ̀. George da Costa ni, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní 1853. Láti 1877 títí di 1895, òun ni ọ̀gá ilé ìtàwé CMS ní Èkó, ilé tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé Johnson nígbà tó jáde. Ó wá fi iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tó lókìkí jù ní etíkun yìí. Nígbà tí Allister Macmillan tẹ ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1920, iṣẹ́ da Costa wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nílùú kan náà, láyé kan náà: Johnson dókítà tó ń tún ìtàn kọ, Losi tó ń tẹ ìtàn Èkó, da Costa tó mọ ìwé tó sì mọ àwòrán. Ní Tabriz, abẹ́ òrùlé kan ni ọba ìbá kó àwọn mẹ́ta yìí jọ sí, owó ìṣúra ìlú ni wọn ìbá sì fi ṣe é. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó bù fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtàn Èkó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ láì sí àwòrán, tí àwòrán Èkó sì wà lọ́tọ̀, láì sí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n wà ní ibo báyìí? Díẹ̀ wà ní ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ìwé Macaulay wà. Díẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan láti 1957, díẹ̀ wà lókè òkun. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú báàgì ike lórí àjà, nínú dúrọ́ọ̀ ìyá àgbà: ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fún baba ńlá lẹ́yìn 1861, lẹ́tà tí ẹnì kan kọ láti Brazil, fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé kéú tí àwọn àlùfáà fọwọ́ kọ. Òjò ń rọ̀ wọlé, ikán ń jẹ ìdí àpótí. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ilé, àpótí kan á di mẹ́rin. Ilé pàápàá kò ní ààbò: Ìlójò Bar ní Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Bí ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè wó lójú gbogbo ayé, àpótí inú yàrá kò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Ní Timbuktu, nígbà tí àwọn jàǹdùkú gba ìlú ní 2012, àwọn ìdílé tó ni ìwé àfọwọ́kọ àtàwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé fi ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lọ́nà àṣírí lọ sí Bamako. Ọ̀rọ̀ Shahnama náà sì ní àtúnṣe díẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge àti Edinburgh bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1999: wọ́n ń ya fọ́tò àwọn ewé Shahnama tó wà káàkiri ayé, wọ́n sì ń tò wọ́n jọ sórí kọ̀ǹpútà. Ewé kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rí wọn pọ̀ ti ní ibi tó lè yà sí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì dìgbà tí ìjọba bá mú owó wá kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ìdílé kankan kó ìwé rẹ̀ fún àjèjì. Àwọn tó ti pàdánù ilẹ̀ rí mọ ìdí tí wọ́n fi ń di ìwé wọn mú. Ẹ̀dà ni kí a máa kó jọ. Ilé John Randle fún Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti wà ní Oníkan, ó sì sún mọ́ àwọn ìgá débi pé ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìgá, àwọn mọ́ṣáláṣí àti àwọn ìjọ tó ti pẹ́ yan ọ̀dọ́ kan tàbí méjì tó mọ fóònù lò dáadáa, kí wọ́n máa ya ẹ̀dà àwọn ìwé náà níṣojú àgbà ilé, kí àgbà sì máa sọ orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ náà sẹ́yìn fọ́tò, ẹ má ṣe fi báírò kọ ọ́, nítorí yíǹkì máa ń jẹ bébà. Ẹ kọ orúkọ, ilé àti ọdún. Ẹ má sì gbé ìwé àtijọ́ fún àwọn tó ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé lójú títì. Ohun tí wọ́n bá fi ooru lẹ̀ mọ́ ọ̀rá kò ṣeé tú mọ́ láì fà á ya.

Ohun kan kù tí àwọn tó lówó lọ́wọ́ nínú ọmọ Èkó lè ṣe. Ìwé Losi ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ tún un tẹ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí fọ́tò da Costa àti àwòrán ọ̀dọ́ ayàwòrán Èkó òde òní dojú kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ewé sí ewé: Òṣòdì Tápà lójú omi Agbóyì, Olúwọlé nínú iná, Olúwa níwájú àwọn adájọ́ London. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní gbogbo ilé ìwé tó wà lórí erékùṣù yìí, láti Ìdúmọ̀tà dé Òbáléndé, kí orúkọ gbogbo ìdílé tó dáwó sí i sì wà lójú ewé àkọ́kọ́.